Èló Ni Wọ́n Ná, Ibo Ni Wọ́n Ná An Sí?

Ọmọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kọ̀wé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti sí olùyẹ̀wé-owó àgbà ìpínlẹ̀ náà pé òun fẹ́ rí ìròyìn àyẹ̀wò owó ìjọba láti ọdún 2012 sí 2014. Kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni, kò sì ní kí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà. Ìwé tí òfin ti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe, kí wọ́n sì gbé síwájú àwọn aṣòfin, ni ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà kà. Wọn kò fún un. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, ó sì dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́. Oṣù kẹta ọdún 2018 ni àwọn adájọ́ tó sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, pé bí òfin FOI, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìjọba, ṣe de ìjọba àpapọ̀ náà ló ṣe de ìjọba ìpínlẹ̀. Nígbà yẹn, gómìnà tí wọ́n ná owó náà lásìkò rẹ̀ ti kúrò lórí àléfà.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ẹ̀ka ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan náà ní ìlú Benin sọ òdìkejì lórí ẹjọ́ tó wá láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, àwọn ìpínlẹ̀ tí kò fẹ́ dáhùn sì rí ohun dì mú. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó parí àríyànjiyàn náà: òfin FOI kan ìjọba àpapọ̀, ó kan ìpínlẹ̀, ó kan ìjọba ìbílẹ̀. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan ti fọwọ́ sí òfin yìí. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni a fi ń jiyàn bóyá ó yẹ kí gómìnà dá ará ìlú rẹ̀ lóhùn. Èkìtì ló tètè gbé ìgbésẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí fọwọ́ sí òfin ti ìpínlẹ̀ náà ní oṣù keje ọdún 2011, kò ju bí oṣù kan àbọ̀ lọ lẹ́yìn ti Àbújá.

Kì í ṣe pé ìjọba kì í sọ̀rọ̀. Ìjọba ilẹ̀ Yorùbá ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́: lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ọ̀nà tuntun, nínú ìwé ìṣúná tó nípọn bí ìwé mímọ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bóyá ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn jẹ́ ìdáhùn. Lójú tèmi, ìdáhùn lórí owó ìlú gbọ́dọ̀ ní nǹkan méjì nínú: iye tó jáde lápò gan-an, àti ibi tí iṣẹ́ náà wà, ní orúkọ. Tí ọ̀kan bá ṣe aláìsí nínú méjèèjì, ìjọba ti sọ̀rọ̀ ni, kò tíì dáhùn.

Ìgbà kan wà tí ibi ìdáhùn wà, tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ ọ́n. Nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní Ìbàdàn, àwọn mínísítà jókòó pẹ̀lú àwọn aṣòfin, nítorí aṣòfin làwọn náà. Aṣojú lè dìde kó béèrè ìgbà tí wọn yóò da ọ̀dà sí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀, mínísítà tọ́rọ̀ kàn á sì dìde fèsì, wọ́n á tẹ ìbéèrè àti èsì sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé. Láti 1956 títí tó fi kú ní oṣù kẹta 1958, Adégòkè Adélabú ni olórí ẹgbẹ́ alátakò níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ní ó máa ń mú ìbéèrè ní kékeré. Ìjọba Awólọ́wọ̀ tó dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955 ní láti máa dúró níwájú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kó ṣàlàyé ara rẹ̀.

Mi ò ní pe ìgbà yẹn ní ìgbà wúrà. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker darí ní 1962 fi hàn pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ti ń gba inú àjọ ìjọba lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ National Investment and Properties Company, ìbéèrè inú ilé aṣòfin kò sì dé ibẹ̀. Àmọ́ àyè ìbéèrè wà, a sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò sí mọ́. Nígbà tí àwọn ológun ti ilé aṣòfin pa, ẹ̀ka ìjọba tó kù tí àgbẹ̀ ń rí kò ju ti agbowó-orí lọ. Ní 1968, nígbà ìjọba Ajagun Adéyínká Adébáyọ̀, àwọn àgbẹ̀ ń wo owó orí tó ń wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ọ̀nà tó ti bàjẹ́, omi tí kò sí, àti kòkó tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n kọ̀, wọn ò san. Ohun tí a ń pè ní ogun Àgbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde, ìjà náà sì ń lọ títí wọ́n fi ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969. Nígbẹ̀yìn, Awólọ́wọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì. Ẹ̀mí ti ṣòfò kí ìdáhùn tó dé. Tí ẹ bá yẹ ohun tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ń bi ìjọba wò, ìbéèrè owó ìlú ni: ibo ni owó tí à ń san ń lọ?

Ìjọba alágbádá tí a padà sí ní 1999 kò dá ibi ìdáhùn yẹn padà. Kọmíṣánnà kì í ṣe aṣòfin mọ́, kò jókòó nínú ilé. Òfin ilẹ̀ wa fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣe ìwádìí, kó pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí, kó ní kó mú ìwé wá. Apá 125 sọ pé láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ìwé ìṣirò bá dé ọwọ́ olùyẹ̀wé-owó àgbà, kó gbé ìròyìn rẹ̀ lọ fún ilé, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó ìlú sì tú u wò. Agbára náà pọ̀ nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ilé aṣòfin lówó iná, owó ọkọ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́? Gómìnà ni. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2018 kí owó ilé aṣòfin àti ti ẹ̀ka ìdájọ́ lè máa lọ tààrà; síbẹ̀, ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù àti ti ilé aṣòfin ní láti da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì kí wọ́n tó gbọ́ pé àwọn gómìnà yóò mú un ṣẹ. Ẹni tó ń tọrọ owó bẹntiróòlù lọ́wọ́ èèyàn, mi ò mọ bí yóò ṣe le ojú mọ́ ọn láti béèrè iye tó ná.

Àlàfo yìí ni ìwé ìṣúná wá dí, ó sì yẹ ká yìn ín dé ibi tó yẹ ká yìn ín dé. Kí ó tó di bí 2018, ìwé ìṣúná ìpínlẹ̀ dà bí ohun àṣírí. Ẹgbẹ́ BudgIT, tí Olúṣeun Onígbìndé wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 2011, ń kiri wá a bí ẹni ń wá oògùn. Ohun tó yí i padà ni owó. Báńkì Àgbáyé gbé 750 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ nínú ètò SFTAS, wọ́n ní ìpínlẹ̀ tó bá gbé ìwé ìṣúná rẹ̀, ìròyìn àyẹ̀wò owó rẹ̀, àti ìròyìn ìnáwó rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì lákòókò ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ètò náà parí ní 2022, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa kò sì padà sí òkùnkùn àtijọ́. Mo kà á sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jùlọ tó ṣẹlẹ̀ sí owó ìlú nílẹ̀ wa láti 1999, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtìjú díẹ̀ wà nínú pé àjèjì ló san owó kí gómìnà tó fi ìwé ìnáwó han àwọn tó dìbò fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀kan nínú ìwé náà. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń lo nọ́ńbà ìṣirò kan náà báyìí: 23020105 ni ti kíkọ́ ohun èlò omi, 23020106 ti ilé ìwòsàn, 23020107 ti ilé ìwé, 23020114 ti ọ̀nà. Níwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, òpó mẹ́ta ló sábà máa ń wà: iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, iye tó ti jáde láti oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àti iye tí wọ́n fọwọ́ sí fún ọdún tuntun. Òpó àárín yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Òun lẹ kì í gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Gómìnà kì í gbé e ka iwájú ilé aṣòfin, akọ̀ròyìn kì í fi ṣe àkọlé, nígbà tó sì jẹ́ pé òun nìkan ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Méjì tó kù, ìlérí ni wọ́n. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí owó ńlá fún omi tí òpó àárín jẹ́ òdo, tí wọ́n sì tún fọwọ́ sí owó tó ju ti àkọ́kọ́ lọ fún ọdún tó ń bọ̀.

Nǹkan kejì tí mo máa ń wá ni orúkọ ìlú. Àyè wà fún un nínú ìwé náà, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn iṣẹ́ àkànṣe. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí Ìlọrà tàbí Ìdànrè wà, ohun tí wọ́n ń kọ lọ́pọ̀ ìgbà ni “jákèjádò ìpínlẹ̀”. Kànga tó wà jákèjádò ìpínlẹ̀, kò sí ẹni tó lè lọ wò ó. Ará abúlé kò lè sọ pé wọn ò gbẹ́ tiwa, torí kò sí ibi tí wọ́n kọ pé tiwọn ni. Ibi tí orúkọ bá ti wà, nǹkan máa ń yàtọ̀: ètò Tracka tí BudgIT ń ṣe máa ń mú orúkọ iṣẹ́ lọ bá àwọn ará ibẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò ibi tí ilé ìwé yẹ kó wà, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ti sá lọ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ìlú mọ̀.

Lórí rédíò, ìdáhùn ẹnu ló kù. Kò sí ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kọmíṣánnà kì í lọ jókòó sí ilé rédíò kí aráàlú fóònù wọlé. Mo fẹ́ràn ètò wọ̀nyẹn, torí èdè wa ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyá aláta lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ láìkọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí bí ó ṣe ń lọ. Obìnrin kan á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wa kò ní nọ́ọ̀sì lálẹ́.” Èsì: “Gómìnà wa olójú àánú ti fọwọ́ sí gbígba òṣìṣẹ́ ìlera tuntun.” Ó bọ́ sí etí dáadáa, a sì máa ń kí wọn kú iṣẹ́. Àdúgbò tí obìnrin náà ń sọ ti sọnù nínú èsì náà.

Ọ̀ṣun ni ẹ̀kọ́ tó lágbára jùlọ lórí èyí. Kò sí gómìnà tó bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní gbangba bíi ti Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá. Ìpàdé ìtagbangba tí wọ́n pè ní Gbàǹgbà Dẹ̀kùn wà, ètò tí wọ́n fi òru mọ́jú ṣe lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà wà, ó máa ń jókòó fún wákàtí púpọ̀. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ láti àárín 2014, tí owó àpín láti Àbújá sì jábọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù tí wọn kò gbowó. Ó pé méje ní 2015. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó mọ́. Ohun tí ìjọba wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò gba ìyìn tó bó ṣe yẹ: wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Hassan Sunmonu, ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC nígbà kan rí, darí, tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, wọ́n ń wo iye tó wọlé lóṣooṣù kí wọ́n tó pín in. Òṣìṣẹ́ ìpele 1 sí 7 ń gba owó oṣù pé, ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, láti ìpele 12 lọ sókè ń gba ìdajì. Ìrora ni. Àwọn kan kò lè san owó ilé ìwé ọmọ, àwọn kan ta ilẹ̀. Mi ò gbèjà ẹni tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ wọ gbèsè débẹ̀, ìdajì tó ṣẹ́ kù náà sì di gbèsè tí Adémọ́lá Adélékè, tó wọlé ní 2022, ń san díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìdáhùn tí mo mọ̀ lórí owó ìlú láti 1999, ìyẹn wà lára àwọn tó súnmọ́ òtítọ́ jùlọ: ẹni tí ebi ń pa ló jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka owó. Ó ṣe mí ní àánú pé ìgbà tí owó tán nìkan ni wọ́n rántí pè é.

Ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, òdìkejì ni a rí. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló jọ ni yunifásítì náà láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991. Nígbà tí owó ìtìlẹ́yìn dá dúró tí ìyanṣẹ́lódì sì ti ilé ìwé pa láti 2016, ẹni tó bá bi Ìbàdàn á gbọ́ pé Òṣogbo ló jẹ gbèsè, ẹni tó bá bi Òṣogbo á gbọ́ tìyẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó parí ní ọdún márùn-ún lo méje. Oṣù kọkànlá 2020 ni Ọ̀yọ́ gba ilé ìwé náà pátápátá, tí ìbéèrè “ta ni kó sanwó?” sì ní ẹni kan ṣoṣo tí yóò jẹ́ ẹ.

Ẹ ó rí i pé níbi tí ìjọba méjì bá ti pàdé lórí owó kan ni ìdáhùn ti máa ń ṣòro jù. Owó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí àjọ UBEC ń pín, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀, kì í jáde títí ìpínlẹ̀ yóò fi gbé iye tó bá a mu kalẹ̀. Tí ìpínlẹ̀ kò bá rówó gbé, owó á jókòó sí Àbújá, orí ilẹ̀ sì ni ọmọ á jókòó sí. Owó ìlera alábọ́ọ́dé tí òfin 2014 dá sílẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, sàn jù ú lọ díẹ̀, nítorí ó ń dé àkáǹtì ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Tí ẹ bá ní ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, ẹ béèrè ta ni alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yín.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ ló burú jù. Mẹ́tàdínlógóje ni wọ́n ní ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Ọ̀yọ́ ní 33, Ọ̀ṣun 30, Èkó àti Ògùn 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, Oǹdó 18, Èkìtì 16. Ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ilẹ̀ ìsìnkú, ìdọ̀tí, ojú pópó àdúgbò, gbogbo ohun tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ wà lábẹ́ wọn. Owó wọn ń ti Àbújá wá, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì àjùmọ̀ní pẹ̀lú ìpínlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ bọ́ sí, wọ́n á yọ owó oṣù tíṣà, wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á yọ èyí tó kù tí a kì í mọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá bi alága káńsù nípa gọ́tà tó di, á ní ohun tó bọ́ sí òun lọ́wọ́ kò tó owó dísẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá bi ìpínlẹ̀, wọ́n á ní iṣẹ́ káńsù ni.

Èkó ti jìyà irú èyí láti òkè rí. Ní 2004, Ààrẹ Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró nítorí pé Bọ́lá Tinúbú, gómìnà Èkó nígbà náà, dá káńsù tuntun 37 sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú oṣù kejìlá ọdún náà pé Ààrẹ kò lágbára bẹ́ẹ̀, ó sì tó ìgbà Yar’Adua kí owó tó dé tán. Ní Ọ̀ṣun, ìjà lórí ta ni alága tòótọ́ mú kí owó àwọn káńsù dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì jókòó sílé. Nínú ìjà méjèèjì, àwọn olóṣèlú rí agbẹjọ́rò gbà. Ẹni tó ń gbọn omi kúrò ní ìta ilé rẹ̀ kò ní aṣojú nínú ẹjọ́ náà.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, inú mi dùn. Ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ó kéré tán, ìpínlẹ̀ ti ń gbé ìwé ìṣúná sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn ìnáwó káńsù ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ wá a kẹ́ ẹ rí bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Tí owó bá dé ọwọ́ alága láìsí ìwé tí a lè kà, ibi tí ìdákẹ́jẹ́ ń gbé nìkan ló yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá le sí i láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Owó ọkọ̀ lọ sókè fún gbogbo wa, owó àpín tó ń dé ọwọ́ gómìnà náà sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ní bílíọ̀nù márùn-ún náírà ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà fi tu aráàlú nínú, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, 48 jẹ́ gbèsè. Àpò ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ aráàlú rí. Pé apá kan owó náà jẹ́ gbèsè tí ìpínlẹ̀ yóò san padà, àwọn tó tò fún kọ́ńgò ìrẹsì kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń wọ̀n ọ́n fún wọn.

Owó ààbò tí gómìnà ń gbà kò ní ìdáhùn rárá. Ẹgbẹ́ Transparency International ṣírò ní 2018 pé irú owó bẹ́ẹ̀ ju 670 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún jákèjádò Nàìjíríà, kò sì sí olùyẹ̀wé tó ń rí ojú rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun à ń sọ ní gbangba. A gbà pé a kì í kéde ibi tí ọlọ́dẹ fara pamọ́ sí. Àpapọ̀ iye tó jáde lọ́dún kò fi ibùba ẹnikẹ́ni hàn.

Nísinsìnyí tí kò sí ìpínlẹ̀ tó tún lè sọ pé òfin FOI kò kan òun, ohun tí òfin náà fúnni ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lọ. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì ní láti fèsì. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹni tó bá fi ìwé dù yín láìnídìí lè san 500,000 náírà owó ìtanràn. Èyí tó wù mí jù ni pé ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fẹnu béèrè, kí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá tó ń fóònù sí rédíò lè lọ sí sẹkitéríàtì káńsù kó fi Yorùbá béèrè ohun kan náà, òfin sì ti bá a de ọ́fíìsì yẹn mọ́lẹ̀.

Apá 97 ìwé òfin ilẹ̀ wa tún jẹ́ kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lo èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ilé aṣòfin Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó lọ́jọ́bọ̀. Èmi yóò fẹ́ kí wọ́n ya ọ̀kan nínú Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, kí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀: kí kọmíṣánnà ètò omi mú ìròyìn ìnáwó oṣù mẹ́ta náà wá, kó ṣí i sí 23020105, kó ka iye tó jáde, kó ka orúkọ ìlú àti abúlé tí kànga wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí rédíò ìpínlẹ̀ gbé e sáfẹ́fẹ́. Kò gba òfin tuntun. Ìpinnu ilé nìkan ló gbà, àwọn aṣòfin sì lè ṣe é nínú ìjókòó tó ń bọ̀.